Ìjàpá àti Ilẹ̀ Tí Kò Jìnnà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ó bá Ehoro, kò dá Ewúrẹ́ sí, ó kan Òkété, ó wá balẹ̀ gbì sórí Ìgbín. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá mọ ẹni tí mò ń bá wí, kó pa ẹnu mọ́. Ìjàpá ni mo pè, n kò pe ẹlòmíì.

Ní ayé ìgbà náà, ẹ̀yìn Ìjàpá ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Kò ru igbá kankan. Iyàrá kan ló yá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sì ní iṣẹ́ méjì ju kó mọ ẹni tó lówó lọ́wọ́. Ehoro náà wà ní Èkó, ó ń jẹ́ iṣẹ́ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ní Màrínà. Ewúrẹ́ ń ta ata ní Ìdúmọ̀tà. Òkété ń bá ọlọ́jà kan kọ ìwé owó ní Balógun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé Mushin, nínú ilé tí ilẹ̀kùn ń kọjú sí ilẹ̀kùn, tí ọbẹ̀ ẹnì kan kò lè ta sánsán kí gbogbo ilé má mọ̀. Àgbò ni lánlọ́ọ̀dù wọn. Owó ọdún méjì ni Àgbò ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ku oṣù mẹ́ta kó pé, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwo kan ilẹ̀kùn.

Ó ṣe, ìyá Ẹfọ̀n kú ní Ọ̀tan. Òkú àgbà ni, ó di àríyá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ẹranko tó wà ní Èkó wálé. Wọ́n gba Ìbàdàn, wọ́n gba Òṣogbo, wọ́n gun òkè, wọ́n wọ Ọ̀tan. Ìjàpá wọ léèsì. Ó yá a ni. Ó dé fìlà, ó bọ́ sójú agbo, ó ń lẹ owó tuntun mọ́ onílù níwájú orí. Kò sẹ́ni tó bi í níbi tó ti rí i. Níbi àríyá, ta ní í bi ẹni tó ń náwó léèrè?

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Ìjàpá pe àwọn mẹ́ta yìí sí ìdí igi.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ojú yín ń tì mí. Ẹ̀yin lẹ ṣì ń sanwó ilé fún Àgbò? Mo ní ilẹ̀ ní Mowé. Ìdajì owó nísinsìnyí, ìdajì nígbà tẹ́ ẹ bá kólé tán. Ilé tiyín, àgbàlá tiyín, afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́ tiyín."

Ehoro ní, "Ẹ̀gbọ́n, Mowé ò ha jìnnà bí?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Jìnnà kẹ̀? Láti Ìdúmọ̀tà, kò ju ìlàjì wákàtí lọ."

Ìgbín jókòó nítòsí wọn. Ìgbín dàgbà, kò gbé Èkó rí. Ó yọ ìwo méjèèjì, ó ní, "Ìjàpá, ọjọ́ wo lo wọn ọ̀nà náà?"

Ìjàpá ní, "Baba, ẹni tó ń fà nílẹ̀, tó ru ilé kiri bí aláìnílé, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbín fa ìwo rẹ̀ wọlé.

Ìjàpá ní, "Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ wá fojú yín rí i. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, ká pàdé ní Ìdúmọ̀tà."

Ọjọ́ Àìkú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Èkó kò tíì jí. Ó ti jó mọ́jú. Aṣọ ẹbí ṣì wà lọ́rùn ẹni tó sùn lórí àga, onígbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjàpá kó wọn sínú mọ́tò. Wọ́n bọ́ sórí Afárá Kẹta, èyí tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà 11.8. Wọ́n fò ó bí ẹni fo gọ́tà. Wọ́n kọjá Bẹ́gà, wọ́n kọjá Kárà, wọ́n kọjá Ìbàfò, wọ́n dé Mowé. Ẹ̀kọ gbígbóná tí Ewúrẹ́ rà ní Ìdúmọ̀tà ṣì ń rú èéfín. Ni Ìjàpá bá dá orin. Ẹ gbè é o:

*Ẹ wolẹ̀ yìí, ẹ wo ọ̀nà,*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!
*Ẹ̀kọ ò tutù, a ti dé,*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!
*Èkó ń bẹ lẹ́yìnkùlé,*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!
*Ẹ kówó wá, ẹ gbalẹ̀,*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!

Ewúrẹ́ rí koríko, ó gbàgbé ata. Ehoro rí ilẹ̀ tó lè gbẹ́ ihò sí, ara rẹ̀ yá gágá. Òkété nìkan ló gba ìwé ilẹ̀, tó kà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódè, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n kọ síbí. Ẹ̀yin lẹ ní Èkó ni."

Ìjàpá ní, "Èkó ti sún débí tipẹ́. Ìwé ni kò tíì gbọ́."

Òkété ní, "Ọkọ̀ tí a óò máa wọ̀ ńkọ́?"

Ìjàpá ní, "Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀."

Kò purọ́ níbẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Èkó dé Ìbàdàn ní 2021. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Abẹ́òkúta ló gbà lọ. Etí Ehoro tó gùn tó yẹn, kò gbọ́ fèrè rẹ̀ lójú àlá.

Wọ́n san ìdajì owó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ìpìlẹ̀, Ìjàpá yí fìlà padà, ó gbé kùmọ̀ dání, ó dé. Ó ní òun kọ́ ni Ìjàpá, òun ni ọmọ onílẹ̀, kí wọ́n san owó ìpìlẹ̀. Wọ́n san. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kanlé, ó tún yí fìlà, ó gba owó òrùlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ri géètì, ó gba owó géètì. Wọ́n san, wọ́n san, wọ́n kó wọlé.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́.

Ehoro jí ní aago mẹ́fà, ó wẹ̀, ó jẹun, ó bọ́ sọ́nà. Ìlàjì wákàtí ṣáà ni. Ó dé Màrínà, ọ̀gá rẹ̀ ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jí ní aago márùn-ún. Ó pẹ́. Ní Ọjọ́rú, ó jí ní aago mẹ́rin. Ó bá iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó bá gbogbo Mowé lójú ọ̀nà pẹ̀lú, àwọn náà ti jí. Ẹ ò rí i, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yẹn, wọ́n ṣí i ní 1978, kìlómítà 127, kí ẹni tó ń rìnrìn àjò lè sáré kọjá. Ìjàpá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta ilẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ta ilẹ̀ òsì. Ọ̀nà àjò wá di ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé gbogbo ayé.

Ojú Ewúrẹ́ rí jù. Láàárọ̀ láàárọ̀, bí mọ́tò bá ti ń sún mọ́ Kárà, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù àti àgbò, Ewúrẹ́ á tẹ orí bọ abẹ́ àga. Ibẹ̀ gan-an ni mọ́tò í sì í dúró pẹ́ jù. Á máa gbọ́ tí wọ́n ń dúnàádúrà lókè orí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á tún padà gba ibẹ̀.

Ehoro ń sùn ní Ògùn, ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó ń fowó ránṣẹ́ sí Ọ̀ṣun. Òkùnkùn ló fi ń jáde, òkùnkùn ló fi ń wọlé. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó sí pálọ̀, ó fẹ́ fara balẹ̀ jẹ̀gbádùn ilé tó kọ́. Ọmọ rẹ̀ kékeré jáde, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó, màmá mi ń bọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ńkọ́? Àbámẹ́ta ni wọ́n fi ń pọnmi, tí wọ́n fi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ọ̀sẹ̀. Bí ìwé àríyá bá dé láti Èkó, wọ́n á tún padà sọ́nà. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ayé ń rọ́ lọ sí àgọ́ àdúrà ńlá tó wà létí ọ̀nà, ẹ má bi mí. Inú mọ́tò ni Ewúrẹ́ máa ń jí ní Àbámẹ́ta.

Orin Ìjàpá kò kúrò lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ohùn ti yí padà:

*Aago mẹ́rin la ti jáde,*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!
*Ẹ̀kọ ti tutù, ó ti kan,*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!
*Ọmọ mi ò mọ̀ mí mọ́,*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!

Ìjàpá kò mọ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbé, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń kó èrò lọ wo ilẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni ìdajì owó tó kù. Ó ránṣẹ́, ó ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n san án.

Wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ ṣí ilé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ wá bá wa jẹun. Baba Ìgbín ló ń kó owó yín bọ̀ láti Ọ̀tan. Ní ọjọ́ Ajé, títí di aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ óò bá a ní Ìdúmọ̀tà. Láti Mowé ni kẹ́ ẹ ti gbéra, ìlàjì wákàtí yín ṣáà ni. Bẹ́ ẹ bá bá a, ẹ gba ìdajì yín. Bẹ́ ẹ bá pẹ́, ẹ óò dá ìdajì tẹ́ ẹ ti gbà padà."

Ìjàpá ní, "Ìgbín? Ìgbín tí mo mọ̀ yìí? Kó tó dé Ìbàdàn, màá ti ná owó náà tán. Ẹ kọ ọ́ síwèé! Bí mo bá sì dé ṣáájú rẹ̀, ẹ óò fi èlé lé e." Ó tẹ̀ka. Kò mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni Ìgbín ti gbéra ní Ọ̀tan.

Ọjọ́ Àìkú pé. Wọ́n gún iyán, wọ́n se ẹ̀gúsí. Ìjàpá jẹ, ó yó, ó tún jẹ, ó sùn sí pálọ̀. Ní aago mẹ́rin òru, Ehoro, Ewúrẹ́ àti Òkété rọra ré e kọjá.

Ó la ojú kan. "Níbo lẹ ń lọ lóru?"

"Ibi iṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ kú òpè," ni Ìjàpá wí. Ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì padà.

Aago méje ló jí. Ó jẹ iyán àná, ó lajú, ó bọ́ síta. Danfó kan dé. Ọ̀bọ ni kọ́ńdọ́ tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. "Bẹ́gà! Bẹ́gà! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ìjàpá wọlé. Mọ́tò rìn, mọ́tò dúró. Mọ́tò mí, mọ́tò dúró. Aago mẹ́jọ lù, Ìbàfò ni wọ́n wà. Ìjàpá ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí? Ṣé ìjàǹbá ni?" Gbogbo èrò wò ó. Ìyá kan ní, "Ọjọ́ Ajé ló ṣẹlẹ̀."

Oòrùn mú. Ó ra omi tútù, ó ra gálá, owó ọwọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n dé Kárà, àwọn àgbò na ọrùn, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń jẹun lọ. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn, ó tún wọ mọ́tò. Wọ́n dé orí Afárá Kẹta, tírélà kan ti kú sí àárín. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì, kò sí ibi tí yóò yà sí. Ìjàpá bú sẹ́kún, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn kìlómítà 11.8. Àwọn tó wà nínú mọ́tò yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń kọrin fún un. Ẹ gbè é o:

*Ìjàpá, níbo lò ń lọ?*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!
*Owó ń bẹ lójúde Ìgbín,*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!
*Rìn díẹ̀ sí i, ọmọ onílẹ̀,*
— Kò jìnnà, kò jìnnà!

Aago méjì ọ̀sán ló wọ Ìdúmọ̀tà. Ìgbín ti jẹun, ó ti sùn, ó ti jí. Ó yọ ìwo méjèèjì.

Ó ní, "Ìjàpá, kú ọ̀nà. Ọjọ́ wo lo wọn ọ̀nà náà?"

Ìjàpá kò rí èsì fọ̀. Ìdajì tó kù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdajì tó ti gbà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí onílù. Wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ san án. Wọ́n gba iyàrá Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́wọ́ rẹ̀, Ehoro, Ewúrẹ́ àti Òkété ló kó wọ ibẹ̀. Wọ́n fún Ìjàpá ní ilé Mowé, pẹ̀lú owó géètì tí ọmọ onílẹ̀ mìíràn ti ń dúró gbà. Iṣẹ́ alábàárù ni wọ́n wá fún un ní Balógun, aago méje kò gbọdọ̀ bá a lẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi lọ wólẹ̀ fún Ìgbín. Ó ní, "Baba, ilé tẹ́ ẹ ń rù yẹn, níbo lẹ ti rí i?" Ìgbín júwe fún un. Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń ru ilé rẹ̀ kiri. Ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ká a mọ́, á fa orí wọlé, ó délé nìyẹn.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, kó má bá Ìjàpá lọ lọ́jọ́ Àìkú. Kó dá lọ lọ́jọ́ Ajé, kó sì padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Ó di pó, ó di pó, ó di pó!