Ọkọ̀ Ojú Omi ní Adó-Èkìtì

Láti 1932 ni Lagos Yacht Club ti ń ta ìgbòkun l'Ékòó. Àwa ará Adó-Èkìtì kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì bi wá ní ìdí títí ọyẹ́ yóò fi dé. Nígbà náà, omi Ajílosùn á ti fà débi pé ewúrẹ́ lè là á kọjá, kí pátákò rẹ̀ nìkan rin. Ẹnìkan dábàá Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ọkọ̀ wo ló fẹ́ wọ inú ìsun?

Ó ku adágún Ẹ̀rò ní Ìkùn. Kí a tó débẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ á ti dìjà: àwọn kan á ní léèsì, àwọn kan á ní sùwẹ́tà. Òrí ni akápò yóò pín dípò jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ètè alága á ti là, kò ní lè rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Èmi ti du ipò akọ̀wé. Etí omi ni n óò wà, nídìí iná, n óò máa kọ orúkọ àwọn tó wọkọ̀.