Ọ̀gá Agbafẹ́ Lọ Wo Ẹran

Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Jíìpù rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ funfun, fìlà rẹ̀ pupa bí osùn. Èkó ló ń gbé. Ó ti dé Kẹ́ńyà lẹ́ẹ̀kan rí, kò sì sí ẹni tó bá a jókòó tí kò tíì gbọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan báyìí, ó kó wa sẹ́yìn ọkọ̀, ó gba Ìsẹ́yìn wọ Òkè-Ògùn, a sì dé Old Oyo National Park lọ́wọ́ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ẹranko tó gbọ́n ti sá sábẹ́ ìbòji. Kúlà méjì ló gbé dání. Kò gbé awò tí a fi ń wo òkèèrè.

"Kìnnìún dà?" Bó ṣe kí ẹ̀ṣọ́ ọgbà nìyẹn.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa orin yẹn ná."

Ọmọ ọdẹ ni ẹ̀ṣọ́ náà. Ó ní ilẹ̀ ọgbà yìí tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, pé ọdún 1991 nìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di national park, àti pé inú igbó yìí kan náà ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú àwọn Aláàfin kí ogun tó tú u. Àlàpà ògiri rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá Agbafẹ́ ń na fóònù sókè.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dáa o. Ní Kẹ́ńyà..."

A wọ igbó. Ọ̀wọ́ ìjímèrè sáré kọjá. Ó ní ọ̀bọ kọ́ lòun wá wò. Nígbà tó pẹ́, ẹ̀ṣọ́ nawọ́: ìgalà kan dúró lẹ́bàá odò Ògùn, etí rẹ̀ nà ṣánṣán. Ọ̀gá dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìsẹ́yìn. Mo rò pé ẹwà ló mú un.

"Àbúrò, èló ni wọ́n ń ta irú eléyìí?"

"A kì í tà á, sà. Ẹni tó bá pa á níbí, ọlọ́pàá ló ń lọ bá."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ń tà á ńkọ́?"

Kí n má parọ́, itọ́ dà lẹ́nu èmi náà. Èdè wa ló kó bá wa: ẹran là ń pe èyí tó ń sáré nígbó, ẹran náà là ń pe èyí tó wà nínú àwo, ọ̀fun a sì máa dáhùn kí ojú tó ríran. Àmọ́ ọdẹ tó ń jẹ ẹran tún mọ oríkì rẹ̀. Nínú ìjálá, ẹfọ̀n ní tirẹ̀, àgbọ̀nrín ní tirẹ̀, àní ọ̀bọ tí ọ̀gá ò kà sí ní tirẹ̀. Ọ̀gá Agbafẹ́ ò mọ ìyàtọ̀ ìgalà sí ewúrẹ́, àfi tó bá tọ́ ọ wò.

Nígbà tí à ń bọ̀, ó dúró lọ́dọ̀ ìyá kan létí títì, ó ná ọ̀yà gbígbẹ méjì títí ìyá fi bínú, ó kó wọn sínú kúlà. Lálẹ́, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí Facebook, òun àti ọ̀yà: "Mo rí ẹranko l'Ókè-Ògùn lónìí!" Kò ya ìgalà rárá.