Alàgbà Ẹ̀kán-Mẹ́rin

Ẹ ò ní pẹ́ dá a mọ̀. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá ní Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló jókòó sí ìlà kejì, tí agbádá rẹ̀ gba àga méjì, tó ń tòògbé láti ìgbà ìwàásù títí di ìgbà ọrẹ. Ọ̀sán ni oorun máa ń gbé e. Tó bá di òru, ojú rẹ̀ á là kedere bí ojú òwìwí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti bá epo CBD pàdé, epo ewéko hẹ́ńpù tó ń lò kó lè sùn. Ìgò kékeré ni, kò ga ju ìka àárín lọ, rọ́bà ìfakán wà lórí ìdérí rẹ̀ bíi ti oògùn ojú. Orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé, láàárín Bíbélì àti òróró ìyàsímímọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fòróró yan aláìsàn nínú òkùnkùn ilé yẹn, kó rọra ṣe o.

Bí aago mọ́kànlá bá ti lù, Alàgbà á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á gbé ahọ́n sókè, á kán an sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀kán kìíní ní orúkọ Baba, ìkejì ní ti Ọmọ, ìkẹta ní ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ìkẹrin, kì í dárúkọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n gbogbo ilé mọ̀ pé ti àbúrò rẹ̀ ni, èyí tó ń bá a kọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ọdún 2016, tí ilé ò tíì débi òrùlé. Á panu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà á fa fóònù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, á ṣí fídíò tí àbúrò fi ránṣẹ́, á máa ka àpò sìmẹ́ǹtì tó wà nínú rẹ̀. Á kà á tán, á tún un kà. Aago méjì òru á lù bá a níbẹ̀.

“Epo yìí lágbára,” ló wí fún mi. “Láìsí i, mi ò bá má sùn rárá.”

Ẹ má dárúkọ igbó níwájú rẹ̀ o, àfi tí ẹ bá fi Ìjẹ̀bú ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó ń kàwé ní yunifásítì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí òórùn igbó bá kóòtù ọmọ náà wọlé, ilẹ̀ ò ṣú tí òun àti ẹrù rẹ̀ fi wà nínú bọ́ọ̀sì 53. Mo ní, “Alàgbà, ewéko kan náà mà ni epo tiyín ti wá.” Ojú rẹ̀ korò. “Hẹ́ńpù ni tèmi, kì í ṣe igbó. Kì í pa èèyàn bí ọtí.” Ó jàre níbi kan: THC, èròjà mìíràn nínú ewéko náà, ló ń yí ni lórí, kì í ṣe CBD. Ṣùgbọ́n hẹ́ńpù ò, igbó ò, Cannabis sativa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe méjèèjì, bí ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan di pásítọ̀ tí èkejì ń bá àwọn ọmọ ìta rìn. Alàgbà fúnra rẹ̀ mọ̀. Bó bá ń lọ sílé lóṣù Kejìlá, kì í gbé ìgò náà kọjá níwájú àwọn NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀kán mẹ́rin yìí, nítorí Alàgbà kì í ṣírò ohunkóhun àfi ìdámẹ́wàá ẹlòmíràn. Ìgò tó kọ́kọ́ rà, 5% ni: mílílítà 10, tí mílígíráàmù CBD 500 wà nínú rẹ̀. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ń kán tó ìgbà 200, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 2.5. Mẹ́rin jẹ́ 10 gééré. Lóṣù Kẹwàá 2023, FSA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Ìlú Ọba, ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má kọjá mílígíráàmù 10 lójúmọ́. 70 ni wọ́n ti sọ ní 2020, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Alàgbà gbọ́, ó ní òun ń pa òfin mọ́. Àmọ́ ìgò 5% ti tán tipẹ́. 20% ló wà lórí tábìlì báyìí, ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti tó 10.

“Mẹ́rin náà ni mò ń lò,” ló ní. “Mi ò fi ìkan kún un.”

Ó tún ní ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ ní Ribeirão Preto ní Brazil kéde ní 2011 pé CBD fọkàn àwọn tó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò balẹ̀. Òótọ́ ni. Mílígíráàmù 600 ni wọ́n fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà: nínú ìgò 5% yẹn, kéèyàn mu odidi ìgò kan tán, kó tún ṣí òmíràn. Kò sì sẹ́ni tó tíì rí i kí Alàgbà bẹ̀rù máìkì.

Mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ kí n tó gbọ́ pé ó ń lo wáfárìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. CBD lè mú kí ẹ̀dọ̀ má tètè palẹ̀ wáfárìn mọ́ nínú ara, kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Iye tí wọ́n ń rí ti ń ga ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ, wọ́n sì bi í pé kí ló yí padà. Ó ní òun ti dín ẹ̀fọ́ kù ni. Ọmọ ìjọ wọn ni nọ́ọ̀sì tó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, ojú ń ti Alàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ bá jókòó tì í lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí i, kí ẹ bá mi sọ fún un pé kó mú ìgò yẹn dání lọ síbi àyẹ̀wò tó ń bọ̀.