Ẹ Bá Wa Tú Báàgì Yìí

Ẹ̀yin ará Lagos Town, ẹ sún mọ́ ibí. Mo mọ̀ pé Accra New Town ni pátákó ojú títì ń pe àdúgbò wa báyìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa: kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀ ju fóònù ọwọ́ yín lọ? Fóònù yẹn àti ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ láptọ́ọ̀pù ló sì fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Láyé ọjọ́un, bí ìpàdé ọmọ ìlú bá pé, akọ̀wé á dìde, á ṣí ìwé ńlá, á ka iye owó tó wọlé, a ó bi í ní iye tó jáde, a ó jà díẹ̀, a ó jẹ jollof, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ní oṣù tó kọjá, akọ̀wé wa gbé láptọ́ọ̀pù dé, ó ní òun ò ní ka nǹkan kan mọ́, òun ti ṣe síláìdì. Ẹ ò rí bí àwọn àgbà ṣe pàtẹ́wọ́! Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé nǹkan jíjẹ ni.

Wọ́n háyà projector ní Circle. Wọ́n yá aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun lọ́wọ́ ìyá kan, wọ́n fi í kọ́ sára ògiri, ìyá náà sì gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó sá ẹran sóòrùn. Agogo mẹ́rin la pe ìpàdé, ní Kokomlemle. Nígbà tó fi máa di agogo márùn-ún, ohun kan ṣoṣo tó wà lára aṣọ náà ni inú láptọ́ọ̀pù akọ̀wé, gbalasa, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kà bí ìwé ìròyìn: "Ìpàdé", "Ìpàdé Tuntun", "Ìpàdé Final", "Ìpàdé Final Gan-an", "Ìpàdé Final Tí Alága Tún Ṣe", "Èyí Ni Kẹ́ Ẹ Lò", àti ọ̀kan tó ń jẹ́ "Ẹ Má Ṣí I". Gbogbo wa pariwo pé kó ṣí ti ìkẹyìn yẹn.

Kò sí èyí tó gbà láti ṣí. Ká tó mọ̀, gbogbo èèyàn ti di ẹnjiníà. Télọ̀ ní kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn. Ìyá oníkoose ní kí wọ́n fẹ́nu fẹ́ atẹ́gùn sí ihò rẹ̀. Bàbá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fẹ́ mọ ẹni tó fi ọwọ́ òsì tàn án. Èmi náà dá sí i, mo ní íntánẹ́ẹ̀tì ni ò lágbára. Ọ̀rọ̀ náà ò kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá wọ gíláàsì gbọ́dọ̀ sọ nǹkan.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé kò yẹ kí irú èyí bá àwa. Ẹ wo ìdí orúkọ fáìlì náà: .pptx. X yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà Office 2007, ohun tó sì ń sọ fún yín ni pé fáìlì lẹ rò pé ẹ ní, báàgì ni. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan (ẹ̀dà o, ẹ má fi ojúlówó dánra wò kí ẹ wá ní èmi ni mo rán yín), ẹ pa .pptx rẹ́, ẹ kọ .zip síbẹ̀, kí ẹ tú u. Ẹ ó rí fóódà kan tó ń jẹ́ ppt, nínú ìyẹn òmíràn á wà tó ń jẹ́ media, ibẹ̀ sì ni gbogbo fọ́tò yín tò sí bí aṣọ tí wọ́n ká. Kódà bí fáìlì bá dàrú tó kọ̀ láti ṣí, ẹ máa ń rí fọ́tò yọ níbẹ̀ nígbà mìíràn. Báàgì oní-síìpù! Ghana Must Go pọ́ńbélé!

Ta ló sì mọ báàgì dì tó wa? Ní November 18, 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, àwọn bàbá wa di ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n di ìkòkò, wọ́n di àga, wọ́n di adìẹ tó ń sàba, wọ́n sì dé Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà láìjẹ́ pé ẹyin kan fọ́. Ní January 1983, Nàìjíríà náà dá a padà, ó ní kí àwọn ará Ghana máa lọ, ibẹ̀ ni báàgì ti gba orúkọ. A ti dìrù lọ, a ti dìrù bọ̀. Ọmọ ẹni tó di adìẹ dé Ọ̀fà ni kò wá lè di síláìdì méjìlá láti Lagos Town dé Kokomlemle, ibi tí ẹsẹ̀ ń rìn dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ń gbàgbé sílé ni fọ́ọ̀ntì. Ẹ ti lọ yan èyí tó lọ́ bí ìdí ìgbín lórí kọ̀ǹpútà ilé, ẹ ò kó o sínú báàgì. Bó bá dé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí kò ní irú rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà á fi èyí tó bá ní rọ́pò. Bí àkàrà ṣe dé Accra tó di koose nìyẹn: ẹ̀wà kan náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ti yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ á sanra, á yọ kúrò lójú ìwé, orúkọ Alága á já sí méjì, "Olóyè" á wà lókè, ìyókù á wà nísàlẹ̀ bí èrò tí wọ́n já sílẹ̀ láàárín ọ̀nà nítorí owó trotro kò pé.

Tiwa tún wá burú ju ti àwọn aládùúgbò lọ, nítorí Yorùbá ń fi ààmì sókè, ó ń fi ààmì sísàlẹ̀. Nínú Unicode, "ẹ" ní ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní; ààmì orí gbọ́dọ̀ wá lọ́tọ̀ kó gùn ún bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Fọ́ọ̀ntì tí kò mọ ọmọ pọ̀n á jẹ́ kó yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí kò mọ Yorùbá rárá á ya àpótí. Síláìdì wa àkọ́kọ́, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ ìyá", nígbà tó jàjà ṣí, báyìí ló jáde: "□ káàb□, □yin □m□ ìyá". Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ tẹjú mọ́ ọn títí. "Akọ̀wé, ilé ta lẹ ń kọ́? Fèrèsé rẹ̀ pọ̀ o."

Google tìtorí àpótí wọ̀nyí ṣe ìdílé fọ́ọ̀ntì kan, ọ̀fẹ́ sì ni. Noto ni wọ́n pè é, pé kí tofu má ṣe sí mọ́, torí àwọn àpótí náà jọ wàrà sóyà tí wọ́n ń jẹ ní Japan. Ká ní Malam Atta Market ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ni, Kò-sí-wagashi ni ì bá máa jẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé ti ìdí ìgbín yẹn náà lọkàn yín fẹ́, lórí Windows ẹ wọ File, ẹ wọ Options, ẹ wọ Save, ẹ fi ààmì síbi tó ní kó di fọ́ọ̀ntì mọ́ fáìlì. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Wákàtí méjì lẹ fi ń yan àwọ̀ ewé.

Fídíò ńkọ́? Ẹ̀yin tí PowerPoint yín ti dàgbà ju ti 2010 lọ, fídíò ò wọnú báàgì yín. Àdírẹ́sì rẹ̀ lẹ gbé rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tí ẹ ní tuntun tí ẹ lọ tẹ Link to File. Ó dà bí ọkùnrin tó dé Accra lọ́jọ́ kìíní àná, tó ń sọ fún ẹgbẹ́ pé ìyàwó òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń bọ̀ lẹ́yìn, obìnrin ti bímọ mẹ́ta fún ẹlòmíràn ní Ìnísà. Ojú aṣọ bẹ́ẹ̀dì dúdú kirimú, akọ̀wé ń sọ pé "ó ń loading."

Bó bá jẹ́ orí íméèlì ni fáìlì ti wá, PowerPoint á ṣe bí aṣọ́bodè kan tí n kò ní dárúkọ ibodè rẹ̀, torí mo ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá ní Kérésì. Á ní báàgì yìí ti òde wá, ẹ dúró ná. Ọ̀já yẹ́lò á nà lókè. Ẹ lè wò, ẹ ò lè fọwọ́ kàn. Ọ̀rẹ́ mi kan wo ọ̀já yẹn fún ọjọ́ méjì, ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Enable Editing ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹni tó di ẹrù náà, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi aṣọ́bodè sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èyí kì í kúkú béèrè owó ọtí.

Mo ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀yin tó ń "convert". Ẹ̀yin yìí! Ẹ pa .pptx rẹ́, ẹ kọ .pdf síbẹ̀, ẹ ní ẹ ti ṣe tán. Ẹni tó wọ kente ni yín, tó ní òun ti di ọba Kumasi. Ti .zip yẹn ṣiṣẹ́ torí zip ló ti ń jẹ́ láti inú ìyá rẹ̀ wá. PDF kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń jí jẹ́. Save As ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ jẹ́ kí Google Slides bá yín ṣe é. PDF tí Adobe gbé jáde ní 1993 yìí, fọ́tò ìgbéyàwó ni: kálukú ti dúró sí ipò rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè mira. Ọ̀rọ̀ ò ní yẹ̀. Fídíò á kú o, gbogbo ijó tí lẹ́tà ń jó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ á dáwọ́ dúró pẹ̀lú, ọpẹ́ ni kí á dú fún ìyẹn. Àwọn kan á sì tún gbé PDF wá bá mi, wọ́n á ní kí n bá àwọn fi orúkọ bàbá àwọn sí i láàárín.

Àwọn mìíràn ò ṣe wahálà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà ní fọ́tò, síláìdì méjìlá, fọ́tò méjìlá, àtàǹpàkò wà nínú mẹ́sàn-án, wọ́n dà á sórí WhatsApp: "Mo ti convert ẹ."

Àbúrò wa kan tó wà ní Peckham ló wá parí gbogbo rẹ̀. Ó ní kí a má ṣèyọnu, òun á bá wa ṣe síláìdì tuntun lórí Mac òun. Ó ṣe é. Ó fi ránṣẹ́. Ìdí orúkọ rẹ̀ ni .key. Ẹ gbọ́ mi, kọ́kọ́rọ́ ni ọmọ yìí fi ránṣẹ́ láti London, kò fi ilẹ̀kùn sí i! Keynote ti Apple ni ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní in ní àdúgbò wa. Kó yáa padà sídìí rẹ̀ kó tẹ Export sí PowerPoint kó tó máa pe ara rẹ̀ ní ọmọ London.

Kí á má fi gbogbo ẹ̀bi bo yín, PowerPoint fúnra rẹ̀ ti yí orúkọ rí bí àdúgbò wa. Presenter ni Robert Gaskins àti Dennis Austin ń pè é nílé iṣẹ́ Forethought kó tó jáde fún Macintosh ní 1987. Ọdún náà ò parí tí Microsoft fi ra ilé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Bí wọ́n bá mọ̀ pé a ó máa fi ka owó ìsìnkú, wọn ì bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku fífi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí ń pè é ní pendrive, àwa tá a ti Èkó dé ń pè é ní flash. Fáírọ́ọ̀sì ò bèèrè èwo ló tọ̀nà, ó ń wọ méjèèjì. Á kó fóódà yín pamọ́, á fi ayédèrú tó jọ ọ́ síbẹ̀, ẹ̀yin á máa sunkún pé iṣẹ́ ti pòórá. Kò pòórá. Ó sápamọ́ ni, bí akápò lọ́jọ́ ìṣírò. Gmail ní tirẹ̀ ò gbà ju 25MB lọ, ti akọ̀wé wa sì wúwo bí àpò gààrí, nítorí pé gbogbo fọ́tò àjọ̀dún ẹgbẹ́ ló kó sínú rẹ̀ bó ṣe bọ́ láti inú fóònù: ojú Alága tó tó pátákó ìpolówó, tí a wá fún mọ́lẹ̀ kó tó èékánná. Compress Pictures wà nínú PowerPoint fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Compress Pictures yìí, mo ní ìdí tí mo fi ń fẹjú mọ́ ọn. Nínú fọ́tò àjọ̀dún yẹn, akápò àná ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága. A mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó ọdún yẹn, mi ò ní tú u. Wọ́n ní kí akọ̀wé gé e kúrò, ó gé e, ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Ṣùgbọ́n gígé inú PowerPoint kì í ṣe gígé, aṣọ ni wọ́n ta bò ó. Ẹni tí ẹ gé ṣì jókòó sínú báàgì lódindi, tòun ti fìlà, àfi tí ẹ bá wọ Compress Pictures tí ẹ ní kó pa ibi tí ẹ gé rẹ́. Akọ̀wé ò mọ̀. Ta ló mọ̀?

Ní nǹkan bí agogo méje, ọmọ kan tí wọ́n bí sí Nima dìde, ó ní "Please, please, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó." Ó fẹ́ fa ojú Alága kó tóbi díẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì tẹ Crop. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Alága là, akápò àná sì yọ sára aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ga kan àjà, ara rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ bí ti iwin, ó ń rẹ́rìn-ín, báàgì kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mí.

"Ẹ bi í léèrè!" Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà lórí ìdúró. "Ẹ tètè bi í léèrè kó tó lọ!"

Ibẹ̀ la wà tí dumsor fi dé. Iná lọ, akápò lọ. A sì ń gbọ́ ìyá oníaṣọ nínú òkùnkùn, ó ti ń tú ìṣó.