Amọ̀nà Tí Kò Mọ̀nà

Ẹnu ni mo fi kó sí i. Níbi ìkómọ kan l'Ékòó ni àbúrò bàbá ìyàwó mi, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ti ní àwọn kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọdún Àjíǹde dé. Èmi fúnra mi ni màá mú yín yí ìlú ká." Ohun tí n kò sọ ni pé Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá wọn bá òwò lọ sókè Ọya, àti pé òkú ṣíṣe nìkan ló ń gbé mi dé ilé. A ó dé lọ́jọ́ Ẹtì, a ó jẹ, a ó jó, ó di ilé lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìlú mi kò ju oríkì tí ìyá mi máa ń kì mí lọ, ìyẹn pàápàá, mo ti gbàgbé ìdajì.

A kò tíì dé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Nígbà tí a kọjá Ọ̀yọ́, Bàbá rí nǹkan funfun tí wọ́n sá sórí àpáta lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ní kí nìyẹn. Mo ní ẹfun ni, wọ́n fi ń kun ilé. Wọ́n yọ ìwé kékeré kan jáde lápò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti kórìíra ìwé yẹn ju gbèsè lọ.

Ní Tákíé, nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, a háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá kan di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ Haúsá tí wọ́n bí sí Sábó ló ń wà á, ọmọdékùnrin kan tí Yorùbá rẹ̀ ki ju tèmi lọ. Mo kìlọ̀ fún un pé kó máa wakọ̀ rẹ̀, èmi ni màá máa sọ̀rọ̀.

Ààfin Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, la kọ́kọ́ dé. Mo bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló tẹ ìlú yìí dó. Òun ló bẹ́ Ògúnlọlá lórí."

Ọmọ náà pa kẹ̀kẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ògúnlọlá ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni wọ́n bẹ́ lórí." Ó wá rọ̀jò ìtàn lé wa lórí: bí Ògúnlọlá ṣe tẹ̀dó síbi igi àjàgbọn, bó ṣe rí èéfín tó fi mọ̀ pé àwọn ọdẹ mìíràn wà nítòsí, bó ṣe bá ara rẹ̀ nínú àhámọ́ Aláàfin, tó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ kóun lọ kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Bàbá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fa igi lé tèmi lórí.

Bí a ṣe dé ẹnu géètì, ọkùnrin kan yọ nínú agbádá sányán, iyùn lọ́rùn. Mo bọ́ fìlà, mo bọ́ bàtà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Kábíyèsí o!" Ọkùnrin náà wẹ̀yìn wò. Àlejò bíi tiwa ni, ìwé ìpè ìgbéyàwó ló mú wá láti Ìlọrin. Ọba Ghandi Afọlábí Láoyè gorí ìtẹ́ ní 2023, kò sí ìwé ìròyìn tí kò gbé àwòrán wọn, síbẹ̀ sányán ni mo kí.

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá wọ sányán níhìn-ín lẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún?" Bàbá bèèrè, bíírò ti wà lọ́wọ́.

Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, ẹni tó dàgbà jù láàfin ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Mo lọ bá bàbá arúgbó kan tó jókòó síbi ibòji. "Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Ṣé Alàgbà ti jẹun?"

"Alàgbà wo?"

"Ahun yín."

Ó wò mí títí. "Alàgbà ti kú. Láti 2019."

Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, Bàbá ti ṣí fìlà. "Ẹ kú ìrọ́jú o," ni wọ́n wí. Arúgbó náà dáhùn pé àwọn ti gba kámú. Wọ́n ṣàlàyé pé ahun náà tó ọdún 344, Ṣọ̀ún Ikúmóyèdé ló sì mú un wá sáàfin. Ìṣirò wọ Bàbá lójú. Ikúmóyèdé jọba láti 1770 sí 1797. Bí a bá yọ 344 nínú 2019, ó ku 1675. "A jẹ́ pé ahun náà ti dàgbà ju ọba tó mú un wá lọ." Ohun táwọn ará ààfin ń sọ náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ẹranko kan kò gbà á gbọ́. Èmi dákẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ ikú kò lẹ́tọ̀ọ́ àtijiyàn lórí ọjọ́ orí.

Mo sá àsálà lọ sọ́dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi. Ibẹ̀ rọrùn: wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1855, ilé ìwòsàn wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Mo wá ṣàfikún pé Bowen, míṣọ́nnárì wọn, òyìnbó Amẹ́ríkà, kò pẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, síbẹ̀ ó tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1858. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn wò mí.

Ní Ọjà Ọba, kajú àti máńgòrò kún ilẹ̀. Gíní funfun ló wà lọ́rùn mi. Mo mú kajú pupa kan, mo ní kí Bàbá wá wo bí a ṣe ń mọ èyí tó pọ́n, mo fún un. Omi rẹ̀ tú láti àyà mi dé ìdodo. "Yéè! Omi kajú kì í kúrò láṣọ o," ni ìyá eléso wí, ó sì gba owó kajú náà. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ní kí n yí bùbá náà padà, kí inú rẹ̀ bọ́ síta. Mo gbọ́ràn. Láti ibẹ̀ dé bùkà, kò sí obìnrin tí kò ké sí mi pé mo yí aṣọ wọ̀.

Ebi ń pa wá. Mo nawọ́ sí òkìtì funfun tí wọ́n dì sínú láílọ́ọ̀nù, mo ní kí wọ́n fún wa níyán, gbẹ̀gìrì àti ewédú. Ìyá olóńjẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé e wá. Ó dán, ó rọ̀, kò ní kókó kankan.

"Àwọn obìnrin wa mọ iyán gún," mo wí. "Apá wọn le."

Bàbá gbé òkèlè símú. "Iṣu wo lèyí?"

Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi pá a lórí. "Bàbá, láfún ni. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n sá, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n kù. Ẹ ti máa rí i lórí àpáta bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀."

Bàbá fọ ọwọ́ kan, wọ́n ṣí ìwé padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n ka 'ẹfun, wọ́n fi ń kun ilé' sókè. Wọ́n wo àwo. "Àṣé ikùn nilé tí ẹ fi ń kùn."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún bèèrè méjì sí i. Nígbà tí a ń sanwó, wọ́n na fóònù wọn sí ọmọ náà pé kó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, àwọn fẹ́ wá wo ọdún egúngún.

"Kò burú, Bàbá," mo wí, "ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ká wá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ ọmọ mi," ni wọ́n dáhùn, "ọmọ ìlú ni mò ń bá sọ̀rọ̀."