Ta Ni Yóò Kọ́ Ará Ìkòròdú Ní Sùúrù?

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú ìrìn o. Láràárọ̀ la ń gbọ́ tí ẹ ń dágbére fún aládùúgbò pé "Èkó ni mò ń lọ", bí ẹni pé afárá Májídùn ni bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n á ti lu páàsípọ́ọ̀tù yín lóǹtẹ̀. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń di oúnjẹ dání tí ẹ bá fẹ́ dé Marina.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi máa ń balẹ̀ tí ọmọ yín kan bá rí físà Ìlú Ọba gbà. Ẹni tó ti jókòó ní Kẹ́tù títí tí ọmọ tó ń ta gálà fi mọ oríkì rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi pápákọ̀ òfurufú Heathrow ṣe fún un? Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé iná mànàmáná kan jóná ní Hayes, ni wọ́n bá ti Heathrow pa fún bí odindi ọjọ́ kan. Ariwo ta káyé. Ọmọ Ìkòròdú na ẹsẹ̀ sórí báàgì, ó ní, "Ṣé NEPA ló mú un lọ ni? Àwọn yìí ò ní jẹnẹrétọ̀?"

Ìyẹn ṣì kéré. Tí ìgbà ìwọ́wé bá dé lọ́hùn-ún, ewé á já sórí irin rélùwéè, ọkọ̀ á máa yọ̀, wọ́n á sì kéde pé ewé ló fa ìdádúró. Ẹ wo ẹni tí ihò ọ̀nà Ìtóìkín ti gbé táyà rẹ̀ mì rí, tí wọ́n wá ń bẹ̀ nítorí ewé! Ó wẹ̀yìn wò, ó rọra bi ẹni tó jókòó tì í: "Ewé wo ni? Ta ló já a? Ọfọ̀ wo ni wọ́n pè sí i?"

Wọ́n tún ní àwọn máa san owó gbà-máà-bínú. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rélùwéè wọn, tí o bá fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́ dé, wọ́n á dá ìdámẹ́rin owó ọkọ̀ padà. Ìṣẹ́jú 30, ìdajì. Wákàtí kan, gbogbo rẹ̀. Ni ọmọ Ìkòròdú bá yọ fóònù, ó ń ṣírò gbèsè tí Mile 12 jẹ ẹ́. Ó ka ìgbà tí wọ́n ń la ọ̀nà BRT, ó ka ẹ̀yìn 2015 tí BRT dé tí a rò pé ìyà ti tán, ó ka ọjọ́ òjò ní ìlọ́po méjì. Nígbà tó fi máa parí, ilé mẹ́ta ló yẹ kó ti ní ní Banana Island.

Ará Ẹ̀pẹ́ kò tilẹ̀ ṣírò. Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò l'Ékòó wá bá wọn ní 1851. 1862 ló tó padà wọlé. Ọdún 11 kí èèyàn tó ti Ẹ̀pẹ́ dé Èkó, tírélà kankan ò sì ṣubú lọ́nà! Wọ́n ṣì ń fi ọdún Kayọ̀káyọ̀ ṣàjọyọ̀ dídé rẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ dòní. Irú wọn lẹ fẹ́ kó máa wo aago? (Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ò tíì kúrò lójú kan látìgbà tí ẹ ti ń ka ìwé yìí, ẹ rọra máa kà á, àyè wà.)

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́rọ́rọ́ ló máa pa àwọn ọmọ yín lọ́hùn-ún. Ọmọ wa wọ rélùwéè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èrò!" Gbogbo orí tẹ̀ sínú fóònù. Obìnrin kan rọra fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Kò sí oníwàásù, kò sí alágbo jẹ̀díjẹ̀dí, kò sí ìjà. Èyí tó dùn ún jù ni pé kò sí kọ̀ńdọ́tọ̀ tó máa so ó pọ̀ mọ́ ọmọge kan nítorí ṣéńjì. Ibo ló ti wá fẹ́ rí ìyàwó?

Ìyá Ẹ̀pẹ́ tó lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n mú un lọ sí ilé ìtajà ńlá, ó rí ẹja tí kò lórí. Ìyá tó dàgbà sí ọjà ẹja Olúwo! "Ta ló jẹ orí rẹ̀?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbé ẹja dé ibi ìsanwó, ẹ̀rọ ló bá níbẹ̀, ẹ̀rọ sì pe póùn mẹ́fà. Ìyá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, gba méjì, oníbàárà rẹ ni mí." Ẹ̀rọ fèsì pé kí wọ́n gbé ọjà sínú àpò.

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Ó ti gbà. Ṣebí mo ní kò ní jẹ́ kí n lọ."