Ewì, WAEC àti Ọmọ Mushin

Ewì wà nínú ìdánwò Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti àjọ WAEC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, tó sì ní ọ́fíìsì ní Yábà, Èkó. Ti Áfíríkà wà níbẹ̀, ti òkè òkun náà wà.

Nínú àwọn ewì tí wọ́n yàn fún 2021 sí 2025, èyí tí Onu Chibuike kọ nípa dírẹ́bà ìjọba tó fẹ̀yìntì kò yọ ọmọ Mushin lẹ́nu. Ẹni tó mutí yó tó tún ń wa ọkọ̀, bíi dírẹ́bà inú ewì náà, wọ́n ti rí i rí ní Ojúẹlẹ́gba. Àsọrégèé, ìyẹn àsọdùn inú ewì, náà kò le: kọ̀ńdọ́ ń búra lójoojúmọ́ pé kí èrò tó jókòó, ọkọ̀ á ti dé Yábà.

Ewì John Donne, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1631, ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìfẹ́ ni ewì náà ń sọ, ọmọ ọdún 16 kò sì ní jẹ́wọ́ lójú ìyá rẹ̀ pé òun mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyá náà, ẹ̀wẹ̀, kò fẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ewì sókè, kó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Tó bá kan ewì ìfẹ́, kí ìyá lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.